Ẹ Ṣeun Àná, Kọ́nẹ́ẹ̀lì

Ní ilé tiwa, ọpẹ́ kì í tán lọ́jọ́ kan. Bí ènìyàn bá ṣe ọ́ lóore lónìí, wàá dúpẹ́ lónìí, bílẹ̀ bá mọ́, wàá tún múra lọ sílé rẹ̀, wàá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wàá ní, "Ẹ ṣeun àná o." Bí ẹ bá tún pàdé ní ọjà Ṣàpọ́n lọ́jọ́ kẹta, wàá tún un sọ. Màmá mi kì í fi èyí ṣeré. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Èmi náà gbà á gbọ́, mo sì fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Aké, ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà tí ilé wa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní títì, lórí eékún. Bí mo bá rántí rẹ̀, títí di bí mo ti ń kọ èyí, inú máa ń bí mi débi pé n óò gbé kálàmù sílẹ̀ ná.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àbúrò mi.

Àwa méjì péré ni màmá wa bí. Bàbá wa, tó máa ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ti kú nígbà tí a wà ní kékeré. Ìsọ̀ kan tí màmá mi ní ní Ṣàpọ́n ló fi tọ́ wa, ó ń ta abọ́ tánganran, àtùpà, àti gíláàsì àtùpà. Ọjà gíláàsì àtùpà ń yá dáadáa láyé ìgbà yẹn, nítorí iná ìjọba kì í bá wa sùn kó bá wa jí. Àmọ́ àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó sìmẹ́ǹtì bọ̀ láti Ewékorò a máa gba iwájú ìsọ̀ kọjá, eruku funfun á sì bà lé gbogbo ọjà. Iṣẹ́ àbúrò mi ni láti nù wọ́n. Á da eérú díẹ̀ sí àkísà, á nu gíláàsì nínú àti lóde, á gbé e sókè kó wò ó sí oòrùn. Bó bá rí àpá ìka kan ṣoṣo lára rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé gíláàsì ni yóò fi ṣe ìyàwó.

Iṣẹ́ ṣọ́jà ló lọ ṣe. Nígbà tó kọ́kọ́ gba ìsinmi wálé, ó jókòó ti màmá wa ní ìsọ̀, ó ní, "Màmá, ìbọn ò yàtọ̀ sí gíláàsì àtùpà o. Tí a bá ti yìn ín tán, a ó nu inú ẹ̀, a ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, a ó fojú kan wò ó." Màmá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ pé iṣẹ́ ìjọba ni òun ti ń kọ́ ọ láti kékeré.

Kò pẹ́ tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba fún àwọn alágbádá ni wọ́n kó àbúrò mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí pápá kan láti lọ fi ìbọn yíyìn dánra wò. Ọta tuntun ni wọ́n tú fún wọn nínú àpótí. Àbúrò mi yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó dún dáadáa. Ó tún un yìn, ìbọn náà fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ojú ọ̀tún rẹ̀ lọ, ìka mẹ́ta lọ lára ọwọ́ ọ̀tún. Nígbà tí a dé ọsibítù, aṣọ funfun ni wọ́n fi wé gbogbo orí rẹ̀, mi ò kọ́kọ́ mọ̀ pé òun ni.

Bí ó bá jẹ́ ibẹ̀ ló parí sí, a ó gbà á fún Ọlọ́run. Ṣọ́jà ni, ewu sì wà nínú iṣẹ́ ṣọ́jà. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kan jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìgbìmọ̀ náà sì sọ pé kò nu ìbọn rẹ̀ ni. Wọ́n ní ìdọ̀tí ló dí ẹnu ìbọn, òun ló jẹ́ kó fọ́. Wọ́n ní aláìbìkítà ni, ó ba ohun ìní ìjọba jẹ́. Wọ́n bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀, wọ́n lé e bí ẹni lé adìyẹ kúrò nílé ìdáná, kò gba kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni màmá mi bi í nígbà tó wọlé dé pẹ̀lú àpò rẹ̀. "Ṣé o nù ún?"

"Mo nù ún, Màmá."

Kò tún bi í mọ́ láéláé.

Ṣùgbọ́n màmá mi nìkan kọ́ ló ń gbé Abẹ́òkúta. Ní Ṣàpọ́n, ṣọ́jà tó fọ́ ìbọn ìjọba ni wọ́n ń pe àbúrò mi. Ìdílé ọmọbìnrin tí a ti lọ tọrọ fún un rán ẹnìkan wá, ẹni náà fi ọgbọ́n sọ̀rọ̀ títí, kókó rẹ̀ ni pé ẹni tí kò lè tọ́jú ìbọn, báwo ni yóò ṣe tọ́jú ọmọ wọn. Àbúrò mi ò bínú sí wọn. Ó kàn ń jókòó sí ẹ̀yìn ìsọ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà. Ojú tó fọ́ kò dùn ún tó orúkọ tó bàjẹ́. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé bí ẹnìkan tó tó ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun bá lè là á sọ lójú gbogbo ayé pé òun nu ìbọn òun, òun á gbàgbé ojú.

Ohun tó gbé wa dé ọ̀dọ̀ Kọ́nẹ́ẹ̀lì nìyẹn.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni, ọmọ ìjọ wa sì ni. Ó ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ ológun, ó padà wálé, ó kọ́ ilé kan sí Ìbarà tí ògiri rẹ̀ ga ju ti ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ. Kò tíì gbó, ikùn rẹ̀ nìkan ló ti fẹ̀yìntì tó hàn sójú. Ọ̀pá kékeré tí àwọn ọ̀gá ṣọ́jà máa ń há sí abíyá, òun ṣì ń há a, títí kan ìgbà tó bá ń bọ̀ wá gba oúnjẹ Olúwa. Òun ló ra jẹnẹrétọ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló pààrọ̀ páànù orí ilé ìpàdé, òun ni alága ìkórè lọ́dọọdún. Ìjọ sì fi í jẹ Balógun Ìjọ, nítorí, wọ́n ní, ta ló tún tọ́ sí jù ú lọ? Ẹnikẹ́ni ò béèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Bísínẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ní ó ń ṣe. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti wọ ẹnu ará ìlú wa, ó tó, kò sí ẹni tí yóò tún bèèrè pé bísínẹ́ẹ̀sì kí ni.

Nílẹ̀ wa, bí ọ̀ràn bá ju agbára ẹni lọ, ẹni tó mọ ẹni là ń wá. A ra ewúrẹ́, a ru iṣu, Bàbá Ìjọ ṣíwájú wa, a lọ sí Ìbarà. Èmi àti màmá mi kúnlẹ̀ lórí tẹ́ráṣọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Àbúrò mi gbé ọwọ́ tó kù díẹ̀ káàtó yẹn sókè, ó fi kí i ní ìkíni ṣọ́jà. Kọ́nẹ́ẹ̀lì wò ó pẹ́. Ó ní kó lọ jókòó. Lẹ́yìn náà ló yí sí màmá mi.

"Màmá, ẹ dìde. Ọmọ yín, ọmọ mi ni. N óò dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ló wà níbẹ̀ báyìí."

Ó ti ń sọ òtítọ́ fún wa lọ́jọ́ náà, a ò kàn gbọ́ ọ bó ṣe yẹ ká gbọ́ ọ ni.

Nígbà tó ránṣẹ́ pè wá padà, ó ní òun ti ṣe gbogbo ohun tí òun lè ṣe. Ìgbìmọ̀ ò lè yí ìdájọ́ padà, ó ní, àní wọ́n fẹ́ sọ ọmọ náà sẹ́wọ̀n pẹ̀lú, òun ló bẹ̀ wọ́n. Bí ọmọ náà kò bá sì ní bínú, kó wá máa ṣọ́ géètì òun. Màmá mi bú sẹ́kún, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Bàbá Ìjọ gbàdúrà gígùn. Bí àbúrò mi ṣe di máígàdì nìyẹn, tí wọ́n fún un ní fìlà aláwọ̀ ewé àti fèrè.

Níbi ìkórè ọdún yẹn, màmá mi ṣe ọpẹ́ àkànṣe. Gbogbo ẹni tó bá mọ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ ó sọ ohun tí ẹ ń tìtorí rẹ̀ dúpẹ́, wọn óò kéde rẹ̀, ẹ ó jó dé iwájú pẹpẹ, ẹ ó sọ ọ̀rọ̀ kékeré, gbogbo ìjọ á sì ṣe àmín. Ewúrẹ́ mìíràn ló fà lọ́wọ́. Wọ́n kéde pé ìdílé wa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi Balógun Ìjọ ṣe ààbò fún ọmọ opó. Kọ́nẹ́ẹ̀lì jókòó sórí àga alága, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ọpẹ́ tọ́ sí. Láti ọjọ́ náà, bí ìsìn bá ti parí lọ́jọ́ Sunday, màmá mi á dúró dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀. "Ẹ ṣeun àná, sà." Àná ti di oṣù mẹ́fà, ó ti di oṣù mẹ́jọ, síbẹ̀ àná ni lẹ́nu màmá mi. Á ní, "Kò tọ́pẹ́, Màmá," á sì wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ń ṣọ́ géètì ló ń mọ ẹni tó ń wọlé. Bí àbúrò mi bá ti dé, á máa sọ fún wa. Lọ́jọ́ Saturday, òyìnbó á wá láti Èkó, nígbà mìíràn ọ̀kan, nígbà mìíràn méjì. Kò ní pẹ́ kí mọ́tò mìíràn tó dé, àwọn ọ̀gá ṣọ́jà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ló máa ń wà nínú rẹ̀, wọ́n á wọ búbá àti ṣòkòtò bí ẹni tó wá kí àna. Iyán á wà, ẹran ìgbẹ́ á wà, ọtí á ṣàn. Àwọn òyìnbó á ṣí àpò, wọn á mú ìwé aláwòrán jáde, àwòrán ìbọn, àwòrán ọta, àwòrán bàtà. Nígbà tí àwọn ọ̀gá náà bá ń lọ, nǹkan á wà ní búùtù mọ́tò wọn tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bọ̀.

Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí ju bó ṣe yẹ kí tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ronú lọ. Kí ni òyìnbó ń rà lọ́wọ́ Kọ́nẹ́ẹ̀lì? Kò ní ilé iṣẹ́, kò rọ irin, kò mọ bí a ti ń ṣe ọta. Ìdìde dúró ni wọ́n ń rà. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá rẹ nígbà tí o wà ní ọmọdé ṣọ́jà, tó fi bàtà rẹ̀ kọ́ ọ bí a ti ń dúró, bó bá wọ ọ́fíìsì rẹ lẹ́yìn ogún ọdún, wàá dìde. Ẹsẹ̀ rẹ á dìde kí orí rẹ tó rántí pé ìwọ ni ọ̀gá báyìí. Ọmọ Yorùbá sì tún ni ọ́, wọ́n ti kọ́ ọ láti ilé pé a kì í wo ojú àgbà ká sọ fún un pé ọjà rẹ̀ ò dára. Ohun tí wọ́n fi sanwó fún Kọ́nẹ́ẹ̀lì nìyẹn, ọ̀wọ̀ tí ìlú fi fún un lọ́fẹ̀ẹ́ ló ń tà. Bí a bá bi í, á ní alárinà lòun. Alárinà tí àwa mọ̀, bí ojú bá ti mọ ojú, á yẹ̀bá. Irú tirẹ̀ kì í yẹ̀bá, àárín gan-an ló ń kọ́lé sí.

Ọjọ́ Sunday kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni àbúrò mi wọlé láìwọ fìlà rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Màmá mi ń nu gíláàsì àtùpà ilé, èmi ń to abọ́.

Ó ní, "Mo rí àpótí náà lánàá."

Màmá mi ní, "Àpótí wo?"

Ó ní òyìnbó kan ló gbé e wá ní búùtù mọ́tò, wọ́n pe òun láti wá gbé e wọlé. Àpótí onígi tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé ni, wọ́n ya ẹyẹ dúdú kan sí i lára, ẹyẹ náà na apá kan. Irú àpótí yẹn gan-an ni wọ́n tú fún àwọn ní pápá lọ́jọ́ tí ìbọn fọ́. Kò lè ṣì í mọ̀. Ẹyẹ yẹn ni ohun tó fi ojú méjèèjì rí kẹ́yìn kó tó dojú kọ ibi tí wọ́n ń yìn ín sí. Ọmọ tí kò ní ẹ̀tàn nínú, ó kàn yíjú sí Kọ́nẹ́ẹ̀lì níbẹ̀, ó ní, "Sà, irú ọta tí wọ́n tú fún wa lọ́jọ́ náà rèé." Òyìnbó béèrè ohun tó sọ. Kọ́nẹ́ẹ̀lì rẹ́rìn-ín, ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn pé ọmọ òun yìí ní òun mọ ọjà wọn dáadáa. Òyìnbó náà bọ àbúrò mi lọ́wọ́.

Nígbà tí àlejò lọ tán ló wá pè é. Kò jágbe mọ́ ọn, kò sẹ́. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, kò tilẹ̀ ka ọ̀rọ̀ náà sí ohun tí ènìyàn ń sẹ́.

Àbúrò mi ní, "Ó ní, 'Ọmọ mi, mo mọ̀. Èmi ni mo bá wọn mú ọjà yẹn wọlé. Ọta yẹn ti pẹ́ nílẹ̀ níbi tí wọ́n ti kó o wá, omi sì ti kan díẹ̀ nínú ẹ̀. Ṣé gbogbo iṣu tó bá wà nínú òkìtì ló máa ń dára ni?' Mo ní, sà, wọ́n ní mi ò nu ìbọn mi. Ó ní, 'Wọn ò lè kọ ọ́ pé ọta ló burú, ọjà á dúró. Tí ọjà bá sì dúró, ṣé ojú ẹ á padà? Ṣé mi ò ti wá ń tọ́jú ẹ ni?'"

Mo ti dìde. Gbogbo èébú tí mo mọ̀ ni mo bú, àti àwọn tí mi ò mọ̀ pé mo mọ̀. Màmá mi ò gbọ́ mi rárá.

"Ó ní òun mọ̀?"

"Ó ní òun mọ̀, Màmá."

"Láti ìgbà tí a ti fa ewúrẹ́ lọ bá a?"

"Láti ìgbà náà."

Ó gbé gíláàsì sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Ó sì jẹ́ kí n máa dúpẹ́."

Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fi kan irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà, nínú ìwé ìròyìn àti lórí rédíò. Mi ò tíì gbọ́ èyí tó wúwo tó ọ̀rọ̀ yẹn. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ta ọta tó bàjẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ, ó bá wọn di ẹ̀bi lé ọmọ náà lórí, ó sì tún jókòó gba eékún ìyá ọmọ náà bí ẹni gba owó oṣù.

Bílẹ̀ ti mọ́, màmá mi múra lọ sí Ìbarà ní àkókò tí à ń lọ kí oore. Mo tẹ̀lé e. Kọ́nẹ́ẹ̀lì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, ó ti ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí "ẹ ṣeun àná." Màmá mi ò kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ohun kan ni mo wá bá yín sọ. Lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀, ẹ dìde nínú ìjọ, kí ẹ sọ pé ọmọ mi nu ìbọn ẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Màmá, ọ̀rọ̀ ìjọba lèyí. Ó jìn. N óò rán an lọ kọ́ṣẹ́. N óò fa iná wọ ilé yín. Ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́."

"Mi ò fẹ́ owó, sà. Mi ò ní kí ẹ dárúkọ òyìnbó kankan. Ẹ̀ báà má sọ̀rọ̀ ọta rárá. Ẹ kàn sọ pé ó nù ún."

Ó ní òun ò lè sọ bẹ́ẹ̀, ó wọlé lọ pẹ̀lú tíì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, kò lè sọ ọ́! Bó bá sọ pé ọmọ náà nu ìbọn, ẹnìkan á bèèrè pé kí ló wá fọ́ ọ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi ló ṣí géètì fún wa nígbà tí à ń jáde. Màmá mi bọ́ fìlà lórí rẹ̀, ó fi kọ́ géètì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la sì jọ rìn dé ilé.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí Bàbá Ìjọ wá bẹ̀bẹ̀. Ó ti mọ gbogbo rẹ̀, Kọ́nẹ́ẹ̀lì ti rò fún un bí ó ti fẹ́ kó gbọ́ ọ. Ó ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ó ní ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tú ìlú ṣe, ó sì yára ní òun ò pe ẹnikẹ́ni ní òṣìkà. Ó mẹ́nu ba jẹnẹrétọ̀, ó mẹ́nu ba páànù. Nígbà tó rí i pé màmá mi ò gbà, ó ṣẹ́ agbádá rẹ̀ sí èjìká.

"Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ ni?"

Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí arúgbó bá dọ̀bálẹ̀ fún ọ, ẹjọ́ ti parí, ìwọ lo jẹ̀bi bí o bá tún sọ̀rọ̀. Àṣà dáradára ni, a fi ń tún ilé ṣe. Ẹ wo ohun tí wọ́n wá ń fi ṣe o! Mo fẹ́ lanu, màmá mi fọwọ́ dá mi dúró. Òun ló yára kúnlẹ̀ kí bàbá náà tó bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má dọ̀bálẹ̀, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ mú wa lọ lọ́jọ́ kìíní, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin wà lọ́jà, orí ọmọ mi wọ́. Ẹ máa lọ sílé, ẹ ṣeun."

Bàbá náà lọ. Ẹnu tó ti jẹ dòdò ò lè sọ òdodo, àti pé gbogbo ìjọ wa ló ti jẹ dòdò yẹn, abẹ́ páànù rẹ̀ ni a ti ń kọrin.

Ìkórè tún dé. Kọ́nẹ́ẹ̀lì wà lórí àga alága, ọ̀pá rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Màmá mi ti sọ fún àwọn tó ń kéde pé òun ní ọ̀rọ̀ láti sọ nígbà ọpẹ́ àkànṣe. Kò sí ẹni tó fura, opó tó fẹ́ràn ọpẹ́ ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Nígbà tí wọ́n pè é, ó jáde pẹ̀lú ọwọ́ òfo, kò fa ewúrẹ́, kò mú àpòòwé. Ẹgbẹ́ akọrin ti gbé orin ọpẹ́. Ó gbé ọwọ́ sókè sí wọn, orin náà sì dá lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi dúró sẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn agogo tí bàbá wa máa ń fà.

Màmá mi kí ìjọ kú ọdún ìkórè.

"Lọ́dún tó kọjá, mo dúró síbí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Balógun Ìjọ pé ó ṣe ọmọ mi lóore. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ọta tó fọ́ ọmọ mi lójú, òun ló bá wọn tà á. Òun mọ̀. Ó jókòó sórí àga tó wà yẹn, ó gbọ́ ọpẹ́ mi, ó mi orí. Mo wá gba ọpẹ́ mi padà. Ewúrẹ́ ti Ọlọ́run ni, mi ò bèèrè ẹ̀. Ọpẹ́ yẹn ni mo ní kó kó fún mi. Ẹ sì gbọ́ èyí tó yẹ kí òun sọ tí kò sọ. Ọmọ mi nu ìbọn ẹ̀. Ọmọ mi nu ìbọn ẹ̀ o!"

Àwọn ìyá àgbà wà ní ìjókòó iwájú lápá òsì, àwọn tó jẹ́ pé láti ogójì ọdún ni wọ́n ti ń dáhùn ọpẹ́ àkànṣe. Etí àwọn mìíràn ti di, oorun ń kun àwọn mìíràn. Wọ́n gbọ́ pé ohùn ròkè, wọ́n gbọ́ pé ó dúró. Ẹnu wọn mọ ohun tó kàn.

"Àmín!" ni wọ́n ké.

Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn gbà á lẹ́nu wọn, bí a ti máa ń ṣe. Ó lọ láti ìjókòó dé ìjókòó títí ó fi kan ẹnu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé kò yẹ kí wọ́n ṣe é. Mo wo Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Ètò ìsìn ni ó ń kà, ó gbé e súnmọ́ ojú gan-an. Àlùfáà sáré sọ fún aludùùrù kó lu nǹkan kan, ohunkóhun.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé nǹkan ṣe é. Òun ló tún jẹ́ alága lọ́dún tó tẹ̀lé e. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà tún gba ìjọba padà, àwọn ọmọ tó kọ́ níṣẹ́ di ọ̀gá pátápátá, mọ́tò sì pọ̀ sí i ní Ìbarà lọ́jọ́ Saturday. Àwa ni wọ́n ń pè ní aláìmoore. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa lápálápá. Inú ń bí mi nígbà náà, inú ń bí mi báyìí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá bẹ̀ mí sí i.

Ìsọ̀ Ṣàpọ́n ni àbúrò mi padà sí. Ìka méjì tó kù lọ́wọ́ ọ̀tún ló fi ń di gíláàsì mú, á fi tòsì nù ún, á gbé e sí oòrùn, á fi ojú kan wò ó. Kò kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà mọ́. Àwọn oníbàárà a máa bi í pé kí ló ṣe é lójú, nítorí ará ìlú wa ò lè ṣe kí wọ́n má bèèrè. Á dá wọn lóhùn láìgbé ojú sókè kúrò lára gíláàsì.

"Ìbọn ló fọ́. Mo nù ún. Bẹ́ ẹ bá rò pé irọ́ ni, ẹ lọ bi ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ti ṣe àmín sí i."